Funfun Ni Mo Gbìn

Òdòdó kan já bọ́ lé Gbàdàmọ́sí léjìká níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń fa koríko ìdí igi. Ó rò pé kòkòrò ni. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a dànù, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì yá tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àìsàn, nǹkan náà sì balẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù níwájú rẹ̀. Ó mú un, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìnàró.

Pupa ni.

Kì í ṣe pupa tó ń dán bí ẹ̀jẹ̀. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí inú ètè ọmọ tuntun. Gbàdàmọ́sí na ẹ̀yìn, ó gbójú sókè. Gbogbo ìrudi tó ti ń ṣọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ti là lẹ́yìn òjò àná, kò sì sí ẹyọ kan tó funfun nínú wọn.

"Funfun ni mo gbìn," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé igi náà ń bá a jiyàn.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí igi náà ti wà níwájú ilé rẹ̀ ní Mọlípá. Àwọn tó ń ta igi òdòdó ń pè é ní fúránjipánì. Nínú ilé Gbàdàmọ́sí, igi lásán ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé kò sí igi mìíràn láyé. Páànù òrùlé ni Gbàdàmọ́sí ń tà, tó sì ń bá àwọn ènìyàn kàn, nígbà tó ṣì ń ṣòwò. Iṣẹ́ aláriwo ni, irin lórí irin láti àárọ̀ títí ọjọ́ yóò fi rọ̀. Bó bá dé láti ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ igi yìí ló máa ń kọ́kọ́ jókòó sí kó tó wọlé kí ìyàwó, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni òórùn òdòdó náà máa ń jáde. Òdòdó funfun, tí ọ̀fun rẹ̀ dà bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀.

Àbí kò mọ̀ ọ́n?

Ìparí ọyẹ́ èṣí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Wọ́n gbé e lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ Rahmah ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ló sì wà ní gbogbo ìgbà òjò. Kúbúrátù ìyàwó rẹ̀ dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń bójú tó ilé àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé rẹ̀ ní Òkè-Àjé, ó ń lọ sí Èkó, ó ń bọ̀. Nígbà tí Gbàdàmọ́sí padà wálé, ọyẹ́ ti tún dé, igi náà ti wọ́wé tán bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ó sì ti kúrú. Wọ́n ní ìjì ló dá a lórí, wọ́n ní àwọn ní láti gé e wálẹ̀. Ó wò ó, ó rí i pé ìdí rẹ̀ tínrín ju bí òun ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló tínrín lójú rẹ̀ nígbà yẹn, títí kan ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀.

Kúbúrátù yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó ti fi ìborùn bo orí, ó ti múra ọjà tán, àfi ìgbálẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Rahmah, wá wo nǹkan."

"Kí rè é?"

"Òdòdó igi. Ó pọ́n."

Kò súnmọ́ ọn. "Ó ti yọ òdòdó? Alihamudulilaahi."

"Mo ní ó pọ́n."

"Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn, Bàbá Rahmah." Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀kọ wà lórí tábìlì, mọ́ín-mọ́ín wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tutù. Oògùn yín náà ò jìnnà síbẹ̀."

"Kì í rí bẹ́ẹ̀. Funfun ni."

Ìgbálẹ̀ dúró. Kúbúrátù wò ó, ó tún wo ilẹ̀. "Ó pẹ́ tí ẹ ti rí i kẹ́yìn ni," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ọmọ tí ibà ń ṣe sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká ṣáà dúpẹ́ pé ó yọ."

Ohùn rírọ̀ yẹn ló bà á lẹ́rù. Láti ìgbà tí igi náà ti wà ni Kúbúrátù ti ń bá a jà. Ó ní ewé rẹ̀ ń dọ̀tí àgbàlá, oje rẹ̀ funfun bíi wàrà, ó ń ta sí aṣọ òun, kò sì so èso tí ènìyàn lè jẹ. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, yóò ní kó má tilẹ̀ yọ òdòdó kankan kí òun lè sinmi. Gbàdàmọ́sí kò gbọ́ ọ rí kó dúpẹ́ nítorí igi.

Ó dúró títí Kúbúrátù fi gbé báàgì rẹ̀, tó jáde ní géètì. Lẹ́yìn náà ló rọra rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí Walter ti ń fọ mọ́tò. Ayálégbé wọn ni Walter, olùkọ́ ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè.

"Ẹ káàárọ̀, Alhaji."

"Walter, ó ti tó ọdún mélòó tí o ti ń bá wa gbé?"

"Ó ń lọ sí ọdún mẹ́fà, sà."

"Àwọ̀ wo ni òdòdó igi tó wà níwájú ilé?"

Walter fún aṣọ tó fi ń fọ mọ́tò. Ó fún un títí omi inú rẹ̀ fi tán, ó ṣì ń fún un. Ó wo ọ̀nà géètì tí Kúbúrátù gbà jáde. "Alhaji, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí òdòdó, sà. Bó ṣe rí yìí náà ni mo rò pé ó rí."

"O rò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó tún ki aṣọ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò gbójú sókè mọ́.

Gbàdàmọ́sí padà wọlé. Ẹ̀kọ ti ń tutù lórí tábìlì, kò wò ó. Ó mú fóònù, ó pe Rahmah.

"Dádì, ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Rahmah, àwọ̀ wo ni òdòdó igi ilé?"

Ariwo ọsibítù ń wọlé láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ṣé Mọ́mì wà nítòsí, Dádì?"

"Kí ni mo fẹ́ fi Mọ́mì rẹ ṣe? Ìwọ ni mo bi. Abẹ́ igi yẹn lo ti ń ṣe iṣẹ́ ilé tí wọ́n bá fún ọ ní síkúù."

"Mi ò rántí dáadáa, Dádì. Píǹkì ni, àbí?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó dààmú yín. Bóyá ẹ gbàgbé ni. Dókítà sọ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Mo ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, a ó jọ padà lọ rí i."

Nígbà tí ìpè náà parí, Gbàdàmọ́sí gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀kọ. Gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ìyá rẹ̀ gbàgbé. Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, lópin ayé rẹ̀, bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, ìyá arúgbó náà yóò di ẹrù rẹ̀ sínú ìborùn, yóò ní òun ń lọ sílé, bẹ́ẹ̀ inú ilé rẹ̀ ló wà. Orúkọ bàbá Gbàdàmọ́sí tó ti kú ló fi ń pe Gbàdàmọ́sí. Ohun tó ń ba Gbàdàmọ́sí lọ́kàn jẹ́ jù nígbà náà ni pé ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ dá a lójú. Kò ṣiyèméjì rí. Bó bá ní òun ń lọ sílé, ó rí ilé náà lójú ara rẹ̀, ó mọ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bí òdòdó funfun ṣe dá òun náà lójú láàárọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

Ó jókòó, ó pa ojú dé, ó gbìyànjú láti rí igi náà bó ṣe wà kó tó ṣàìsàn. Ó rí i ní funfun. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń ronú lé e lórí, ó rí i ní pupa. Ó la ojú kíá. Ó tún pa á dé, àwọ̀ méjèèjì dàpọ̀ mọ́ ara wọn lórí ẹ̀ka kan náà, kò sì lè sọ èyí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ mọ́.

Ibi kan ló kù tó lè lọ. Ní Odògbolú, nínú ọgbà Tíṣà Mọ́ṣádé, ìyá igi yẹn ṣì wà. Tíṣà ló gé ẹ̀ka kan fún un lára rẹ̀ lọ́dún tó bá a kan òrùlé ilé rẹ̀. Bí ìyá igi bá pupa, ọ̀rọ̀ ti tán: orí òun ni kò pé mọ́, kí Rahmah máa gbé òun lọ síbi tó bá fẹ́. Bó bá sì funfun, Gbàdàmọ́sí kò tíì mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé ìyẹn.

Ó dé fìlà, ó fi aṣọ ìnujú di òdòdó pupa náà, ó fi í sápò. Láti ìgbà tó ti dé láti Èkó, kò tíì dá jáde kọjá mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ó ṣí géètì díẹ̀díẹ̀ kí Walter má bàa gbọ́. Ó ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kó tó rántí pé fóònù òun wà lórí tábìlì. Ní gàréèjì, ó wọ takisí tó ń lọ sí Odògbolú, ó jókòó sẹ́yìn, ó tẹ ọwọ́ mọ́ àpò bí ẹni tó gbé ẹyin.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ní Odògbolú, ó rin àdúgbò náà lọ, ó rìn ín bọ̀. Géètì búlúù ló mọ̀ mọ́ ilé Tíṣà. Kò sí géètì búlúù kankan níbẹ̀. Òógùn bò ó lójú. Ó dúró síwájú géètì dúdú kan, ó wo fèrèsé òkè ilé náà, ó wo òrùlé. Òrùlé yẹn ni kò lè tàn án. Òun ló to páànù rẹ̀, ó ṣì mọ ibi tí ìlà rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀ lápá òsì. Ó kan géètì.

Tíṣà Mọ́ṣádé fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Obìnrin gíga, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n tó ṣì ń dúró bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

"Alhaji onípáànù. Ẹ wọlé. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ṣàìsàn. Kánádà ni mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi nígbà náà, mi ò lè wá kí yín."

"Tíṣà, géètì yín. Ṣé kì í ṣe búlúù tẹ́lẹ̀ ni?"

"Búlúù ni. Ọmọ mi ló ní ká kùn ún ní dúdú."

Ó fẹ́ dì mọ́ ọn nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. "Ẹ ṣeun," ó wí, Tíṣà sì wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

Kò lè jókòó ní pálọ̀. Ó ní igi lòun fẹ́ rí. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kíṣìnnì kọjá sí ọgbà, Gbàdàmọ́sí kò sì kọ́kọ́ gbójú sókè. Ilẹ̀ ló ń wò. Òdòdó tó ti bọ́ kún orí koríko, gbogbo rẹ̀ pátá ló funfun. Ìgbà náà ló tó gbójú sókè, tó rí igi ńlá náà tó fẹ̀ ju yàrá lọ, tó funfun láti ìsàlẹ̀ dókè.

Àpótí kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó jókòó lé e. Tíṣà bu omi wá fún un, ó sì mu ún tán. Gbàdàmọ́sí tú aṣọ ìnujú.

"Ẹ̀ka tí ẹ gé fún mi nígbà yẹn, ṣé ara igi yìí ni?"

"Ara rẹ̀ ni. Igi kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ṣé ọmọ rẹ̀ lè pọ́n?"

Tíṣà gba òdòdó náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Tó bá jẹ́ hóró ni mo fún yín, a lè máa wo àwọ̀ tí yóò mú wá. Ẹ̀ka ni mo gé fún yín. Ẹ̀ka kì í yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀." Ó dá a padà fún un. "Èyí kì í ṣe ọmọ igi mi, Alhaji."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Funfun ni mo fún yín."

Omi bọ́ lójú rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Tíṣà yíjú sí apá ibòmíràn, ó ń ṣa àwọn òdòdó tó bọ́ sórí koríko láìnídìí, kó lè fún un láyè. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé ìyàwó yín kò sọ fún yín pé òun wá síbí?"

"Ìyàwó mi?"

"Nígbà òjò èṣí. Àbúrò mi ló ń ṣọ́ ilé fún mi, òun ló sọ ọ́. Ó ní obìnrin kan wá nínú òjò, ó ní òun ni ìyàwó Alhaji onípáànù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun gé ẹ̀ka kan lára igi. Àbúrò mi kò mọ̀ ọ́n rí, kò ṣí géètì fún un. Ó ní ó dúró síta títí, ó ń sunkún. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì."

"Kúbúrátù? Ó ń sunkún nítorí igi?"

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn."

Ayọ̀ tó bá Gbàdàmọ́sí lábẹ́ igi náà kò bá a dé Ìjẹ̀bú-Òde. Takisí kò tíì jáde tán ní Odògbolú nígbà tí ọkàn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bó bá jẹ́ pé orí òun pé, a jẹ́ pé àwọn mẹ́ta ló purọ́ fún òun láàárọ̀ yìí: ìyàwó, ọmọ, àti ayálégbé tó ń jẹun nínú ìkòkò òun lọ́jọ́ ọdún. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òun ṣe? Ṣé wọ́n ń múra láti sọ pé ọpọlọ òun ti dàrú, kí Rahmah lè kó òun lọ sí Èkó, kí wọ́n ti ilé pa? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Inú bí i, ó gbóná dé etí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbìmọ̀ burúkú kì í lọ dúró sẹ́nu géètì ẹlòmíràn nínú òjò kó máa sunkún. Ibẹ̀ ni ìbínú náà ti ń já. Ó gbìyànjú láti rí Kúbúrátù níwájú géètì búlúù yẹn, ìborùn rẹ̀ rẹ mọ́ ọn lórí, ó ń bẹ ẹni tí kò mọ̀ nítorí igi tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bú. Kò rí i. Bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń tú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú takisí, dẹ́rẹ́bà ní láti ké sí i pé, "Bàbá, fìlà yín," kó tó mọ̀ pé fìlà òun wà lórí ìjókòó.

Géètì ilé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Walter wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó fẹ́ máa wá a lọ. Kúbúrátù jókòó sórí àtẹ̀gùn fàráńdà, báàgì ọjà ṣì kọ́ ọ léjìká, ìborùn ti yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kò sì tún un ṣe.

"Alhaji dé," Walter sọ. Ó wo tọkọtaya náà, ó sì rọra gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Kúbúrátù dìde. "Níbo lẹ lọ? Fóònù yín wà nílé. Ẹ ò jẹun. Ẹ ò lo oògùn."

"Odògbolú."

Ó tún jókòó. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gé okùn tó gbé e dúró.

Gbàdàmọ́sí jókòó sórí àtẹ̀gùn kan náà, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ó tú aṣọ ìnujú, ó gbé òdòdó pupa náà, tó ti rọ báyìí, sí àyè yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ líle tó ti tò lọ́nà kò wá sẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Igi mi dà?"

"Ó kú," Kúbúrátù wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Omi ni mo fi pa á."

Gbàdàmọ́sí yíjú wo igi tó wà níwájú ilé.

"Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bu omi sí i. Kì í ṣe pé òjò ò rọ̀ o. Òjò ń rọ̀, mo ń bu omi sí i. Nígbà tí gbogbo igi yọ ewé, tiwa kò yọ. Mo fi kún omi. Mo fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ lọ bíi pé ìbẹ́pẹ ni. Ó wá ṣubú lálẹ́ ọjọ́ kan tí atẹ́gùn kò tilẹ̀ fẹ́."

Igi náà kì í fẹ́ omi púpọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí Tíṣà kọ́ ọ nìyẹn: bí wọ́n bá kẹ́ ẹ jù, yóò rà láti inú. Gbàdàmọ́sí mọ̀ ọ́n láti ọdún yìí wá, kò sì sọ ọ́ fún Kúbúrátù rí. Kò wá sí i lọ́kàn pé ọjọ́ kan lè dé tí Kúbúrátù yóò dúró ti igi yẹn.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Igi ṣáà ni."

"Igi ṣáà ni." Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú rẹ̀. "Bàbá Rahmah, ọjọ́ tí wọ́n gbé yín sínú mọ́tò, ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Mo di ọwọ́ yín mú láti ojú fèrèsé. Ẹ tẹjú mọ́ mi, ẹ ń gbìyànjú, itọ́ ń jáde lẹ́nu yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde. Igi. Mo ní kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ. Igi. Mo ní mo gbọ́, màá tọ́jú ẹ̀. Mọ́tò gbéra. Mo dúró sí ojú títì, mo wá sọ lọ́kàn mi pé bí mo bá ti lè tọ́jú igi yìí, Ọlọ́run á dá yín padà fún mi. Mo mọ̀ pé kò dáa kéèyàn máa ronú bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kan."

Ó wá gbé ìborùn padà sórí, bí ẹni tí òtútù mú.

"Alẹ́ tó ṣubú yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí ni mo jókòó sí. Mò ń retí kí fóònù dún kí wọ́n wí fún mi. Fóònù dún lóòótọ́, láàárọ̀. Rahmah ló pè. Ó ní ẹ ti dá dìde jókòó, ó ní ẹ bu oúnjẹ sẹ́nu fúnra yín. Mo ń sunkún, ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Mi ò mọ èwo ni kí n gbà gbọ́ mọ́. Títí di báyìí, mi ò mọ̀ ọ́n."

"O wá lọ sí Odògbolú."

"Mo ní ẹ máa béèrè ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé. Wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọkùnrin kan tó ń ta igi òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà ló ta èyí fún mi, ó ti já gbogbo ewé rẹ̀ kúrò, ó búra pé funfun ni. Walter bá mi gbìn ín. Rahmah ní kí n sọ fún yín, mo ní rárá, wọ́n ní ká má ṣe ohun tó lè dà yín lọ́kàn rú." Ó wo òdòdó tó wà láàárín wọn. "Láàárọ̀ yìí, nígbà tẹ́ ẹ bi mí, irọ́ yẹn ti jáde kí n tó rò ó. Mo wá rí ojú yín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kó o padà."

Gbàdàmọ́sí ń wá ọjọ́ yẹn lọ́kàn ara rẹ̀. Ó rántí kẹ́tùlù àlùwàlá tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rántí ariwo tó pa lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè àjà yàrá kan ní Èkó ló tún rántí. Láàárín méjèèjì, kò sí mọ́tò, kò sí fèrèsé, kò sí ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú. Ó wá a títí, ó ṣófo. Ohun kan wà tó gbàgbé lóòótọ́, kì í sì í ṣe àwọ̀ òdòdó.

Ó wá rántí ohun tí Rahmah máa ń fi pa á lẹ́rìn-ín nígbà tí ara rẹ̀ ń yá. Rahmah ní ní oṣù àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ ló ń pe ṣíbí. Ó ń pe omi ní bàtà, wọn a gbé bàtà wá, inú a bí i. Ohun tó ń wá yàtọ̀, ohun tí ẹnu rẹ̀ ń mú jáde yàtọ̀.

"Kúbúrá," ó wí. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀. "Mi ò rántí."

"Mo mọ̀."

"Rahmah ní nígbà yẹn, páànù ni mò ń pe òun."

Kúbúrátù yíjú sí i. Kò tíì yé e.

"Bóyá igi kọ́ ni mò ń wá," Gbàdàmọ́sí wí.

Ẹni kan ń fọn fèrè mọ́tò ní òpópónà, ó dákẹ́. Kúbúrátù ń wò ó, ètè rẹ̀ ṣí díẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò rọ̀ bíi ti àárọ̀ mọ́. "Kí lẹ wá ń wá?"

Gbàdàmọ́sí rò ó dáadáa, nítorí kò fẹ́ kí irọ́ mìíràn tún wọ inú ọjọ́ náà. Ó wo ọwọ́ Kúbúrátù lórí itan rẹ̀, ọwọ́ tó ń gbé omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo wà níwájú mi."